Ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwo Love Yourself ti BTS: ṣé dandan ni kéèyàn ra gbogbo rẹ̀?

Àbúrò_Bangtan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n inú ilé yìí. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo BTS, ẹgbẹ́ olórin ọmọkùnrin méje ti Kòríà, jọ, èyí tí wọ́n ṣe ní Kòríà gan-an, kì í ṣe ti Jàpáàn. Mo sì fẹ́ máa kọ àgbéyẹ̀wò ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ rà. Ibi tó ti dojú rú fún mi ni pé àwo mẹ́ta ló ń jẹ́ Love Yourself: Her ní ẹ̀dà 4, Tear ní 4, Answer náà ní 4. Méjìlá nìyẹn, mi ò sì tíì débi àwọn àwo wọn mìíràn bíi Wings àti Map of the Soul. Ṣé orin inú wọn yàtọ̀ síra ni? Báwo lèèyàn ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú? Kí ló yẹ kó wà nínú àgbéyẹ̀wò tó fi máa ju "ó rẹwà, mo fẹ́ràn rẹ̀" lọ? Ìbàdàn ni àwọn àwo náà máa wà, torí náà ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ òjò àti ooru kún un.

AkóWings

Orin ò yàtọ̀ rárá. Síìdì kan náà ló wà nínú ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Her jáde lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ní ẹ̀dà L, O, V àti E. Tear tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 18 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ní Y, O, U, R, Answer sì jáde lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà ní S, E, L, F. Tò wọ́n sórí pẹpẹ, o máa ka LOVE YOURSELF. Ohun tó ń yí padà láti ẹ̀dà dé ẹ̀dà ni ìwé àwòrán, fótókáàdì (káàdì kékeré tó ní àwòrán ọ̀kan nínú àwọn olórin náà), àti ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní The Notes, níbi tí wọ́n ti ń já ìtàn àwọn ọmọkùnrin méje náà fún wa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Answer nìkan ló ní síìdì 2.

Torí náà, bó bá jẹ́ orin lo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀dà kan ti tó. Ṣùgbọ́n gbọ́ síìdì náà dé òpin o. Lẹ́yìn orin tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn sẹ́yìn páálí Her, nǹkan méjì ṣì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé inú síìdì nìkan lo ti lè bá wọn: Skit: Hesitation and Fear, àti orin Sea. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2 Cool 4 Skool ti ọdún 2013, orin Path fara pa mọ́ sí ìparí rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Her lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi lórí Spotify, tó wá ń kọ àgbéyẹ̀wò síìdì, àgbéyẹ̀wò rẹ̀ ń jò nìyẹn.

Fótókáàdì ló ń jẹ owó. Àwọn méje ni wọ́n, àwo kan ní káàdì kan, o ò sì lè mọ ojú ẹni tó wà nínú rẹ̀ kó o tó ṣí i. Bó bá jẹ́ orí lásán lo gbójú lé, ìpíndọ́gba nǹkan bí àwo 18 lèèyàn máa rà kí ojú méjèèje tó pé. Àwọn tó kọ́kọ́ ń bọ́ síni lọ́wọ́ kì í le. Èyí tó ṣẹ́ kù gbẹ̀yìn ló ń pani, torí òun nìkan máa gba àwo 7. Níbi tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan bá ti ní káàdì 7 tirẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin nìyẹn, ó ti di nǹkan bí àwo 73. Níbo lo fẹ́ kó àwo 73 sí? Ra àwo kan, fi káàdì tí o ò fẹ́ ṣe pàṣípààrọ̀, kó o sì ra èyí tó kù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á ní ẹyọ ẹyọ.

Fi òfin lélẹ̀ fún ara rẹ kó o tó náwó. Ó lè jẹ́ ẹ̀dà kan láti inú àwo kọ̀ọ̀kan. Ó lè jẹ́ gbogbo ẹ̀dà, káàdì tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ kó bọ́. Ó sì lè jẹ́ káàdì ẹnì kan ṣoṣo nínú gbogbo àwo. Ẹni tó da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kì í mọ ìgbà tó parí.

Ṣí_i_Jẹ́jẹ́

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti orin. Ẹ jẹ́ kí n mú ti páálí.

Kí ọ̀bẹ tó kan tépù, kí fídíò ti máa ká. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù Kòríà tó ń fi àwo ránṣẹ́ sókè òkun kì í dá ẹni tó bá ní "káàdì ò sí níbẹ̀" lóhùn bí kò bá ní fídíò, fídíò náà ò sì gbọdọ̀ ní ibi tí wọ́n ti gé e. Gbé fóònù sórí nǹkan tó dúró gbọn-in. Fi ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà páálí hàn àti lébẹ́ẹ̀lì orí rẹ̀, kó o tó wá gé tépù. Bó o bá mú àwo jáde, yí i po kó hàn pé ọ̀rá ara rẹ̀ ò tíì ya, lẹ́yìn náà kó o ṣí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, páálí ò gbọdọ̀ kúrò lójú kámẹ́rà, àní kó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì lo fi fẹ́ lọ mú sáàsì.

Ọ̀rá yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn ba ọjà jẹ́. Má ṣe fa ọ̀bẹ lójú àwo. Wá ibi tí wọ́n ti fi iná lẹ ọ̀rá pọ̀ lẹ́yìn tàbí nísàlẹ̀, fi èékánná gbé e, ó máa ya fúnra rẹ̀. Bó bá ṣoro, ibi ẹnu ìwé, láàárín èèpo iwájú àti tẹ̀yìn, ni kó o ti fi ìdérí báírò gún un, torí ihò wà lábẹ́ ọ̀rá níbẹ̀, kò ní kan èèpo. Tear dúdú, gbogbo àpá àti ìka tó ní òróró ló ń hàn lára rẹ̀. Fọwọ́, nu ún gbẹ, kó o tó fọwọ́ kàn án.

Má gbọn àwo nù kí káàdì lè já bọ́. Àárín ojú-ewé ni káàdì sábà máa ń wà, bó bá sì já bọ́ sórí símẹ́ńtì, igun rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ṣí ojú-ewé tán kó o tó pariwo pé káàdì ò sí. Ìwé àwòrán tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ nídìí náà ò fẹ́ kéèyàn là á sí méjì gbàgà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣí ojú-ewé díẹ̀ láti iwájú, tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ṣí díẹ̀ láti ẹ̀yìn, tẹ̀ ẹ́, kó o máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi pàdé láàárín. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gọ́ọ̀mù á fọ́, ojú-ewé á sì máa yọ bí eyín arúgbó.

Síìdì náà ńkọ́? Bó bá há mọ́ ṣóńṣó àárín, tẹ ṣóńṣó yẹn wọlé kó o tó gbé etí síìdì sókè. Ẹni tó bá fa etí rẹ̀ nìkan ń tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ. Àwọn àwo kan wà tó jẹ́ tìmùtìmù kékeré ni wọ́n fi mú síìdì dúró. Ooru máa ń mú kí èyí ṣí, síìdì á wá já sínú àwo, á sì máa ha ara rẹ̀. Bí ìdọ̀tí bá wà lára rẹ̀, fi aṣọ tó rọ̀ nù ún láti àárín lọ sí etí ní tààrà. Má nù ún yípo.

Ní ti ojúlówó, wá sítíkà KOMCA tó ń dán, tó sì ní nọ́ńbà lára. KOMCA ni ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ orin ní Kòríà. Nígbà mìíràn ara ọ̀rá ló máa ń wà, torí náà gé e sílẹ̀ kó o tó ju ọ̀rá nù. Ṣùgbọ́n sítíkà nìkan ò tó ẹ̀rí, àwọn oníjìbìtì náà ń tẹ̀ ẹ́. Gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sórí ọ̀rọ̀ wínníwínní tó wà lẹ́yìn àwo. Ní ara ojúlówó, lẹ́tà dúdú á dúdú pátápátá, etí rẹ̀ á sì mú ṣáṣá. Lára ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ yà láti ara ojúlówó, lẹ́tà yẹn fúnra rẹ̀ á ti di àkójọ ẹyọ àwọ̀ kéékèèké bíi ti àwòrán, etí rẹ̀ á sì rí wúruwùru. Bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe máa yẹ fótókáàdì wò, kó o sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó kan láti inú àwo kan náà: ìnípọn bébà, bí igun rẹ̀ ṣe yípo, àti ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ó ń dán tàbí kò dán.

Dídì_Ló_Yẹ

Mi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ṣíṣí yìí o. Àwo tó ṣì wà nínú ọ̀rá ló ń níye lórí. Ra méjì, ṣí ọ̀kan, fi ọ̀kan pa mọ́.

Ṣí_i_Jẹ́jẹ́

Ẹ̀gbọ́n, fún ẹni tó ń ṣòwò, mo gbà. Fún ẹni tó ń kọ àgbéyẹ̀wò, rárá. Ọ̀rá yẹn ń súnkì gan-an bí ooru bá mú un, ó sì ń fa igun èèpo wọ inú. Bí wọ́n bá tẹ ojú-ewé kan ní ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí tí wọ́n lẹ ìdajì ìwé ní oríkodò, ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí i lẹ máa tó mọ̀, ìgbà yẹn ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi ń gba ẹ̀sùn á ti kọjá. Owó àwo kejì yẹn á ra káàdì tí ẹ̀ ń wá.

OníRúlà

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti àgbéyẹ̀wò, torí òun gan-an ni àbúrò béèrè, gbogbo èèyàn sì ti lọ síbi ọ̀rá.

Kọ orúkọ ẹ̀dà sí àkọlé. "Àgbéyẹ̀wò Tear" ò tó, "Tear, ẹ̀dà Y" ló yẹ kó jẹ́, kó o sì sọ oṣù tó o rà á, nítorí wọ́n máa ń tún àwo tẹ̀. Lẹ́yìn náà, rúlà àti òṣùwọ̀n: gígùn, fífẹ̀ àti ìnípọn ní sẹ̀ǹtímítà, àti ìwúwo rẹ̀ ní gíráàmù. Fọwọ́ ara rẹ ka ojú-ewé, má da èyí tí ṣọ́ọ̀bù kọ kọ. Lẹ́yìn èyí ni ohun tó ṣe pàtàkì jù, tó sì jẹ́ pé òun ni wọ́n ń gbàgbé jù: kí ló wà nínú gbogbo àwo, kí ló jẹ́ ti orí? Ẹni tó ń kà ọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá káàdì tó rí lọ́wọ́ rẹ máa wà nínú tirẹ̀ náà. Bí ṣọ́ọ̀bù bá fi káàdì tirẹ̀ kún un fún ẹni tó tètè sanwó, sọ ọ́ kedere pé ẹ̀bùn ṣọ́ọ̀bù ni. Àìmọye èèyàn ló ti ra àwo torí káàdì tí kò fìgbà kan wà nínú àwo.

Ya àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láàárọ̀, má tan iná fóònù, torí bébà tó ń dán á sọ iná yẹn padà sójú kámẹ́rà. Fi bébà funfun tẹ́ ìdí rẹ̀ kí àwọ̀ má baà purọ́, gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ojú-ewé méjì tàbí mẹ́ta nínú ìwé àwòrán ti tó. Ẹni tó ya gbogbo ìwé ti kúrò nídìí àgbéyẹ̀wò, ó ti di onítẹ̀wé.

Sọ ti ìdí ìwé náà, bóyá ó ṣí pẹrẹsẹ tàbí àwòrán tó gba ojú-ewé méjì ń rì sí àárín. Bí ojú Jimin, ọ̀kan nínú àwọn méje náà, bá kó sínú kòtò ìdí ìwé, ẹni tó fẹ́ rà á nítorí àwòrán yẹn yẹ kó mọ̀.

Ìwúwo àti ìwọ̀n tí mo ní kó o kọ yẹn kì í ṣe fún ẹwà. Àwọn tó ń gbé ẹrù lójú òfuurufú ń ṣírò àyè tí páálí gbà. Wọ́n á fi gígùn lu fífẹ̀, lu gíga ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á fi 5000 pín in, èyí tó bá pọ̀ jù láàárín òun àti ìwúwo gidi ni wọ́n á gba owó rẹ̀. Páálí 30 × 25 × 10 á jẹ́ kílò 1.5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kílò kan péré ló wà lórí òṣùwọ̀n. BE, àwo BTS mìíràn, dára fún àpẹẹrẹ. Deluxe Edition tó jáde lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 2020 wà nínú páálí gàgàrà. Essential Edition tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2021 kéré sí i dáadáa, orin inú rẹ̀ ò sì yí padà. Àwo Proof náà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2022. Standard wúwo bí òkúta, Compact fúyẹ́, síìdì 3 ló sì wà nínú méjèèjì, títí kan síìdì kẹta tí àwọn orin kan wà nínú rẹ̀ tí o ò ní rí níbòmíràn. Ẹni tí orin bá jẹ lógún, Compact ni kó mú. Mo sọ ọ́ láìbẹ̀rù, kí àwọn ẹlẹ́páálí bínú.

Ṣọ́ra fún Weverse Album náà. Káàdì ló wà nínú rẹ̀, àti QR, àmì onígun mẹ́rin tí wàá fi fóònù yà kó o lè gbọ́ orin. Síìdì ò sí. Jack in the Box, àwo tí J-Hope tó wà nínú BTS dá ṣe, oṣù Keje ọdún 2022, irú rẹ̀ ni. Bí o bá fẹ́ síìdì rẹ̀, HOPE Edition ti ọdún 2023 ni kó o béèrè.

Àbúrò_Bangtan

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ra toploader 25, ìyẹn àpò ike líle tí wọ́n ń fi káàdì sí, àti ọ̀rá káàdì lọ́jà, èyí tí wọ́n ń lò fún káàdì eré Pokémon. Fótókáàdì mi ń sún síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀. Ṣé káàdì mi ló kéré ni, àbí ayédèrú ni?

AkóWings

Ayédèrú kọ́. Káàdì Pokémon jẹ́ 63 × 88 mm, fótókáàdì Kòríà sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 55 × 85 mm. Ra ọ̀rá 56 × 87 mm, fi káàdì sínú rẹ̀, kó o wá fi òun àti ọ̀rá rẹ̀ sínú ọ̀rá ńlá tó o ti rà, kó o tó tì í bọ inú toploader. Kò ní máa sún kiri mọ́.

Wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Polypropylene, irú ike kan, ni kó o wá lára páálí rẹ̀. Bí ọ̀rá bá rọ̀ jù, tó ń rùn bí rọ́bà tuntun tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì ìjẹun, PVC, irú ike mìíràn, nìyẹn, dá a padà. Ooru máa ń mú kí òróró tí wọ́n fi sọ ọ́ di rírọ̀ yọ jáde, á sì lẹ̀ mọ́ ojú káàdì. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ yọ ọ́, ara àwọ̀ á bá ọ̀rá lọ.

Ní ti Ìbàdàn, má gbé pẹpẹ ìwé sún mọ́ ògiri tí òjò ń lù níta, fi àyè bí ìbú ọwọ́ sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀. Kó silica gel, àwọn àpò kékeré tó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, sínú àpótí tó ní ìdérí láti oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá. Èyí tó jẹ́ aláwọ̀ búlúù, bó bá ti di pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti yó nìyẹn. Pààrọ̀ rẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, yọ ọ́ kúrò. Afẹ́fẹ́ ti gbẹ tó nígbà yẹn, bí o bá tún gbẹ ẹ́ sí i, gọ́ọ̀mù ìdí ìwé á fọ́, èèpo á sì ká sókè. Àwọn ìwé ńlá bíi ti BE, fẹ̀yìn wọn lélẹ̀. Àwọn tó bá dúró, kí wọ́n há mọ́ra díẹ̀. Ìwé tó bá fẹ̀gbẹ́ ti ìkejì á wọ́.

Ẹlẹ́jọ́_Ṣáátì

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un lórí iye owó. Map of the Soul: 7, ọjọ́ 21 oṣù Kejì ọdún 2020, ẹ̀dà 4. Lóṣù tó jáde yẹn nìkan, ó tà ju mílíọ̀nù 4 lọ nínú àkọsílẹ̀ Gaon, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọjà orin ní Kòríà, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Circle lọ́dún 2022. Ẹni tó bá ní ó ti wọ́n bí ojú ni kí o san ìlọ́po mẹ́ta, tìrẹ ló fẹ́ jẹ. Bákan náà ni Skool Luv Affair Special Addition ti ọdún 2014. Wọ́n tún un tẹ̀ lọ́dún 2020, torí náà ẹni tó ń pe owó ti àkọ́tẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn ọ́ pé àkọ́tẹ̀ ni.

Bó bá sì jẹ́ torí kí àwo rẹ lè wọ ìṣirò lo ṣe ń rà á, Hanteo, àkọsílẹ̀ ọjà orin mìíràn ní Kòríà, ń ka ọjà bí àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀ ṣe ń tà á, Circle ń ka iye tí wọ́n kó jáde, wọ́n á yọ èyí tó padà. Àwo àlòkù ò wọ inú ọ̀kankan.

Àbúrò_Bangtan

Ó yé mi. L, Y àti S ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀dà kan láti inú àwo kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀bù ń béèrè bóyá mo fẹ́ pósítà nínú ọ̀pá páálí tàbí kí wọ́n ká a. Èwo ni kí n mú?

OníRúlà

Kọ́kọ́ béèrè iye tí ọ̀pá páálí náà gùn. Bó bá jẹ́ 65 × 8 × 8, ṣe ìṣirò tí mo sọ yẹn: 4160, fi 5000 pín in, ó lé ní kílò 0.8 fún bébà kan ṣoṣo tí ìwúwo rẹ̀ ò tó gíráàmù 100. Láàárín mẹ́ta tó o fẹ́ rà, mú pósítà kan péré tó o máa gbé kọ́ ògiri. Sọ fún wọn pé o ò fẹ́ èyí tó kù rárá. Èyí tí wọ́n bá ká, ilà rẹ̀ kì í lọ.